Eyín Ọmọ Ọdún Mẹ́rin Kì í Ká

Oṣù keje ọdún 2024 ni mo sin ọmọ mi obìnrin dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, tí mo sì kó ọmọ rẹ̀ méjì padà wá sí Abẹ́òkúta. Èyí ẹ̀gbọ́n, obìnrin, ti pé ọdún mẹ́jọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́fà. Oríkì wọn ni n ó máa fi pè wọ́n níbí, torí orúkọ ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tí à ń há káàkiri: Àbẹ̀kẹ́ àti Àlàó. Ìyá wọn, Àṣàkẹ́ ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti bí i.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Àṣàkẹ́ bá lọ sí Ìlú Ọba. Èrò wa tẹ́lẹ̀ ni pé yóò kó àwọn ọmọ dání. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ ti fòfin dè é pé ẹni tó bá bá iṣẹ́ yẹn wọlé kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ìwé tirẹ̀ jáde lẹ́yìn ọjọ́ náà. Owó ti jáde, gbèsè ti wọlé, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Mo ní kó máa lọ, pé èmi wà nílé. Ọmọ mi lọ ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn, ìyá tirẹ̀ sì tún gba ọmọ tọ́ ní ẹni ọdún 61.

Mo mọ̀ pé ìyá àgbà tó wà nírú ipò yìí pọ̀ ní ìlú wa báyìí. Bí mo bá jókòó sí ìsọ̀ adìrẹ mi ní Ìtòkú, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: "Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ mi, ìyá wọn ti rìnrìn àjò." Àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ wọn tí ẹ wà lókè òkun. Ohun tí mo fi orí ara mi kọ́, bí ẹ bá lè fi etí kọ́ ọ, ara yóò tù mí.

Kí a tó kúrò ní pápákọ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Àṣàkẹ́ na báàgì kékeré kan sí mi, ó ní, "Màámi, àwọn ìwé ọmọ ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan." Mo ní kó tètè máa lọ kí ọkọ̀ má baà já a sílẹ̀. Mo ní ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mo sì tọ́ wọn yè, ṣé èmi ló fẹ́ máa kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ? Ó dákẹ́. Mo gbé báàgì náà délé, mo sọ ọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà níbẹ̀, n kò ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹkún ni. Àlàó á sun ún lówùúrọ̀, Àbẹ̀kẹ́ á sun tirẹ̀ lóru, nígbà tó bá rò pé mo ti sùn. Ọkàn mi kò gbà á. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ ni mo ń ṣe. Bisikíìtì kí ilẹ̀ tó mọ́, súwíìtì bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ní òun kò fẹ́ fọ abọ́, mo ti fọ̀ ọ́. Bí Àlàó bá ní òun kò jẹ láfún, mo ti gbé ìrẹsì kaná. Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un, àkẹ́bàjẹ́, mo sì mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àmọ́ lójú mi nígbà yẹn, àánú ni mò ń ṣe. Ìyá wọn kò sí nílé, kí ni bisikíìtì?

Èyí tó burú jù ni ti fóònù. Gbogbo ìgbà tí Àṣàkẹ́ bá pè, tí àwọn ọmọ rí ojú rẹ̀, ẹkún tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. "Wọ́n ti sùn." "Wọ́n lọ sí lẹ́sìnnì." "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára." Nígbà míì, àwọn ọmọ wà ní pálọ̀ níbi tí mo ti ń sọ ọ́. Mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọ mi bó ṣe ń wálẹ̀: "Ó dáa, Màámi. Ẹ bá mi kí wọn." Nǹkan á gún mi láyà, ṣùgbọ́n ilé á pa rọ́rọ́, àwọn ọmọ á máa ṣeré, èmi á sì ní mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ní oṣù kẹsàn-án, Àlàó ń sáré láàárín àwọn ìsọ̀ lọ́jà, ó kọsẹ̀, ó ṣubú, ó fi orúnkún gbo ilẹ̀. Ó kígbe, "Mọ́mì!" ó sì sáré wá gbá itan mi mú. Ìyá tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti tún di ìyá ọmọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀, torí ó wà lára ohun tó ń dùn mí jù lọ títí di òní: inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo rà á ní jùsì. N kò sọ fún un pé èmi kọ́ ni Mọ́mì. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ yẹn ló ń pè mí, nígbà tó sì bá rí ìyá rẹ̀ nínú fóònù, kì í mọ ohun tí yóò pè é mọ́.

Ẹnì kan tún wà tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́. Àṣàkẹ́ àti bàbá àwọn ọmọ ti pínyà láti ọdún 2022, ìjà náà kò dára, mo sì fi ìbínú ọmọ mi ṣe tèmi. Bàbá tó bí ọkùnrin náà ń gbé ní Lafẹ́nwá, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá àgbàlagbà yìí wọ kẹ̀kẹ́ wá wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní wọn kò sí nílé. Ní ìgbà kejì, ó gbé búrẹ́dì kan àti ọsàn díẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní, "Ẹ bá mi fún wọn, Màmá. Ẹ ní bàbá àgbà wọn ló ní kí ẹ kí wọn." Mo fún wọn ní ọsàn náà. N kò jíṣẹ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí oṣù kẹwàá dé.

Láti ọ̀sán ni ara Àlàó ti gbóná. Mo fún un ní parasítámọ́ọ̀lù, mo fún un ní àgbo ibà díẹ̀, mo fi omi nù ún lára, mo sì ní bí ilẹ̀ bá mọ́ a ó lọ wo dókítà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, mo gbọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ké. Mo débẹ̀, ara ọmọ ti le gbandi, ojú rẹ̀ ti yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo pariwo, "Gìrì! Ẹ gbà mí o!" Gbogbo ilé tú jáde. Ẹnì kan ní ká wá síbí kí ó má baà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Èmi fúnra mi ni mo mú síbí irin tí mo fi ń ro ọbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo gbọ́ ọ. Ìró kékeré kan, bí ẹni já òwú. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Eyín iwájú kan nísàlẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, funfun, kékeré, ó wà lórí ẹní.

Ẹlòmíràn ti gbé ìgò àgbo gìrì dé, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Ọlọ́run ló ṣe é tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn fi gbé ọmọ lọ́wọ́ wa, tó ní kẹ̀kẹ́ òun wà níta. Kí a tó dé ọ̀nà ńlá, ara ọmọ ti rọ̀, ó sì ń mí.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún un ní ìka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ibà ẹ̀fọn ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Kílò mélòó ni ọmọ yìí? N kò mọ̀. Oògùn wo ni ara rẹ̀ kì í gbà? N kò mọ̀. Kí ni genotype rẹ̀? N kò mọ̀. Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé? Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀. Ṣé gìrì máa ń mú àwọn ẹbí rẹ̀ ní kékeré? Mo ní rárá, kò sí nínú ẹbí wa. Dókítà wo ojú mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?" Ó rọra bi mí ni, kò fi gàn mí. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n ti ń pè ní Mọ́mì láti oṣù tó kọjá, mo jókòó síbẹ̀, n kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fọ̀ nípa ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Gbogbo ìdáhùn yẹn wà nínú báàgì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí dókítà náà kọ́ mi lóru yẹn, mo fẹ́ kí gbogbo ilé tí ọmọ kékeré wà mọ̀ ọ́n. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè máa ṣàn jáde, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu, ìbáà jẹ́ síbí, ìka, àdín tàbí àgbo. Ọmọ kì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ wo aago: bó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ewu ńlá ni, bó bá sì tiẹ̀ dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí ibà ẹ̀fọn tó ti wọra lè fa gìrì. Ní ti ìtọ̀ màlúù, ó ní ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń ṣe èémí rẹ̀ lọ́ṣẹ́, pé ó ti pa ọmọ tí gìrì kì bá tí pa. Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́rin kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Orí ló kó àwọn ọmọ tèmi yọ.

A wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, bí a ṣe ń bọ̀ nílé, mo fa Àbẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ jìnnà, kò sí ohun tó lè ṣe, àníyàn lásán ni yóò dá sí i lára. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo gbé ẹrù yẹn lé lórí. Mo rí i bó ṣe rù ú, n kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ fún un: oúnjẹ rẹ̀ dínkù, bí fóònù bá dún ó máa ń wọ yàrá lọ, lẹ́ẹ̀mejì ló sì tọ̀ sílé, ọmọ tí kò tọ̀ sílé láti ọdún mélòó kan.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Àṣàkẹ́ pè, kò sì sí irọ́ tí mo lè pa mọ́. Àlàó rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀.

"Màámi, kí ló ṣe eyín rẹ̀?"

"Ó ti ń ká eyín ni. Ó ti ń dàgbà."

"Màámi, ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ká eyín."

Àbẹ̀kẹ́ bú sẹ́kún lẹ́yìn mi, ó sì tú gbogbo rẹ̀ jáde: gìrì, síbí, kẹ̀kẹ́, ọsibítù, àti pé èmi ni mo ní kí òun má sọ. Àṣàkẹ́ kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ ò ṣí báàgì yẹn, àbí?" Ó sì pa fóònù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀, Màámi" lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún mi pé ó ti ń wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó padà wálé, gbèsè tó jẹ ńkọ́. Oorun kò kùn mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ru, wọ́n fi oògùn kún oògùn mi.

Àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni bàbá Lafẹ́nwá dé. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ọmọ ṣàìsàn. N kò lè sọ lọ́tẹ̀ yìí pé wọn kò sí nílé, torí Àlàó ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó jókòó, mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ṣe nìyẹn, Màmá. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná báyìí, gìrì ti dé. Bó ṣe pé ọdún márùn-ún kọjá ló lọ, kò padà mọ́." Mo rántí ìbéèrè dókítà. Nígbà tí mo padà lọ sọ fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ara gbígbóná máa ń fa irú gìrì yìí fún àwọn ọmọ kan, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ìdáhùn náà ti wá sẹ́nu géètì mi lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọsàn, mo lé e padà.

Ọwọ́ ìyá àgbà ni èmi náà gbà dàgbà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, torí òun ni mo ń rò lóru àwọn ọjọ́ yẹn. Ìyá mi máa ń gbé adìrẹ lọ tà ní Kánò, ó sì lè lo oṣù mẹ́ta kó tó dé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mo ti gbọ́ ìtàn bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe tú síta lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní ọdún 1947 nítorí owó orí, tí wọ́n ń kọrin yí ààfin Aké ká, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ó wà láàárín wọn, ó sì máa ń kọ àwọn orin náà fún mi bó bá ń gún iyán. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù ni àpótí kan. Àpótí ìjókòó ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Bí àlejò bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, ìyá àgbà á ní, "Rárá o, ìyá Àwẹ̀ró ló ni ín, ó ń bọ̀." Ó máa ń nù ún ní àràárọ̀. Bí mo bá sì ṣèèṣì pe òun ní "ìyá mi", á dáhùn pé, "Ìyá ìyá ẹ ni mí." Ọdún tí mo fi rí i tó ń nu àpótí yẹn kò kéré, síbẹ̀ n kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí Àlàó pè mí ní Mọ́mì lọ́jà.

Mo gbé báàgì náà sọ̀ kalẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ọjọ́ ìbí, èsì genotype (AS ni àwọn méjèèjì), ìwé ilé ìwé, àti bébà kan tí Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ojú ewé méjì, ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nínú rẹ̀ ni mo ti kà á pé òkùnkùn ń ba Àlàó lẹ́rù, pé kí n má pa iná kó tó sùn. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń pa á.

Mo pe ọmọ mi. Mo ní, "Àṣàkẹ́, mo jẹ̀bi. Má bínú." Kò rọrùn fún ìyá láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó bí. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn la wá jọ sọ̀rọ̀ tó yẹ ká ti sọ ní oṣù keje.

A gba agbẹjọ́rò, Àṣàkẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé mo lè dúró fún àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìwé. Ẹ má fojú kékeré wo ìwé yìí, torí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀, ẹ ò ní ráyè lọ wá a. Gbogbo ìwé wọn, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan wà ní Lafẹ́nwá, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú fóònù. Ní ti owó, mo ti ń da owó tó ń fi ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ owó ọjà. Ìgbà kan wà tí owó ilé ìwé tó láti san, tó sì jẹ́ pé aṣọ funfun tí a ń rẹ láró ni mo ti kó o lé. Mo jẹ́wọ́ ìyẹn náà. Báńkì ọ̀tọ̀ ló ń gba owó ọmọ báyìí, ìwé kékeré kan sì wà tí Àbẹ̀kẹ́ ń bá mi kọ ìnáwó sí.

Fóònù di ohun tó ní àkókò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Ìlú Ọba, ẹ rántí pé láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago tiwa àti tiwọn dọ́gba, àmọ́ tó bá di ìgbà òtútù wọn, tiwa á fi wákàtí kan ṣíwájú. A ti tìtorí èyí pàdánù ara wa lẹ́ẹ̀mélòó kan, tí àwọn ọmọ jókòó ti fóònù tí wọ́n rò pé ìyá wọn ti gbàgbé wọn. Wọ́n ṣì ń sunkún lẹ́yìn ìpè nígbà míì. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sun ún. Mo wá rí i pé ẹkún tí ọmọ bá sun lẹ́yìn tó rí ìyá rẹ̀ máa ń tán lójú ẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀, èyí tí mo rò pé mo rẹ̀ tán, inú ni wọ́n gbé e lọ.

Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn nǹkan kéékèèké padà fún ìyá wọn. Irun, fún àpẹẹrẹ. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń sọ irú èyí tí Àbẹ̀kẹ́ máa dì. Báyìí, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó máa gbé fóònù dúró síwájú, á bi ìyá rẹ̀: ṣùkú ni, àbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀? Àríyànjiyàn náà lè gba ogún ìṣẹ́jú. Onídìrí á jókòó, á máa retí àṣẹ láti òkè òkun. Bí Àlàó bá ní òun fẹ́ súwíìtì, mo máa ń ní, "Jẹ́ ká bi Mọ́mì." Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìwọ ni Mọ́mì." Ọmọ kékeré ni, kò tíì mọ "ẹ" lò tán. Mo gbé e lé itan. Mo ní, "Ìyá Mọ́mì ni mí. Inú mi ni Mọ́mì ti jáde." Ó gbé aṣọ mi sókè, ó wo ikùn mi. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì dùn mí ní gbogbo ìgbà tó bá ṣàṣìṣe, tí mo ní láti tún un ṣe. N kò ní parọ́, ó dùn mí.

Bàbá Lafẹ́nwá ló ni ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó mú wọn lọ wo ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó tuntun tó wà ní Láderin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Nígbà tí wọ́n dé, ó mú téèpù ìwọnlẹ̀, ó fi igi fa ìlà sínú yanrìn àgbàlá rẹ̀: irin àtijọ́ tí òun bá ṣiṣẹ́, 1,067 mìlímítà láàárín, irin tuntun, 1,435. Àlàó dùbúlẹ̀ gbalaja sáàárín ìlà tuntun, orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ìkankan. Ní ti èyí àtijọ́, ó ní láti ká orúnkún. Èmi kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn láéláé. Bàbá wọn náà ti ń yọjú síbẹ̀ báyìí. Ìjà òun àti Àṣàkẹ́ kò tíì parí, ṣùgbọ́n n kò tún fi àwọn ọmọ jà á mọ́.

Èmi ń kọ́ Àbẹ̀kẹ́ ní adìrẹ oníko. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ funfun, ó fi ìko so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ahọ́n rẹ̀ yọ síta bó ṣe ń so ó. A rì í sínú ìkòkò aró. Nígbà tí mo fà á yọ, àwọ̀ ewé ni, ojú ọmọ sì bàjẹ́: "Màmá, aró yìí ti bàjẹ́!" Mo ní kó mú sùúrù, kó máa wò ó. Atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀, láti etí aṣọ wá sí àárín, títí ó fi di àwọ̀ ẹlú lójú rẹ̀ kòrókòró. Kò mí títí ó fi tán. A fi aṣọ náà rán ẹni tó ń lọ sí Ìlú Ọba, Àṣàkẹ́ sì fi bo ìrọ̀rí rẹ̀. A máa ń rí i lẹ́yìn orí rẹ̀ bó bá pè wá láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí kò bá sí níbi iṣẹ́, mo máa ń pa àlọ́ fún wọn, fóònù á wà láàárín wa lórí ẹní. "Ààlọ́ o!" Ohùn ọmọ méjì á dáhùn níbí, ohùn ìyá wọn á dáhùn tẹ̀ lé e, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé: "Ààlọ̀!" Àwọn orin àlọ́ tí mo ti gbàgbé, òun ló ń rán mi létí. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un ní kékeré.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ó ku oṣù kan kí Àlàó pé ọdún mẹ́fà, ó wá bá mi ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé kan, ó fi ìka mi eyín rẹ̀ kan nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo tí mo dá sí i lẹ́nu. Ó ń mì. Ọwọ́ mi fẹ́ lọ síbẹ̀, mo fà á padà. Mo wo aago: aago mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ wa, mẹ́jọ lọ́dọ̀ wọn, Àṣàkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ni. Mo pè é. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà nínú òtútù, fìlà wà lórí rẹ̀, ó ní, "Àlàó, fi ahọ́n tì í. Rọra. Tún tì í." Ó tì í, tì í, eyín náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí. Àbẹ̀kẹ́ ti ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó sì ti lé àwọn alángbá kúrò lára ògiri kí wọ́n má baà rí eyín, kí òmíràn lè hù. A jáde sí àgbàlá. Ìyá wọn ka ení, èjì, ẹ̀ta láti ibi tó wà, Àlàó sì ju gbogbo rẹ̀ sókè. Ó ró pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lórí páànù.

"Ṣé ó dúró sórí òrùlé?" ni Àṣàkẹ́ bi wá.

Àlàó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó nà án sókè ju orí rẹ̀ lọ, ó kọjú rẹ̀ sí òrùlé kí ìyá rẹ̀ lè rí i.